Ṣakabùlà àti Ìbọn Ìléwọ́

Nígbà èwe mi ní Ẹ̀rínjẹ, ìbọn ṣakabùlà kan wà lára ògiri nínú ìyẹ̀wù bàbá mi. Ó ga jù mí lọ. Ní ọdún 1998, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá kí wa. Ó ròyìn ẹgbẹ́ kan tí òun ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn ìléwọ́ yin àmì ara páálí láti fi najú. Ó na ọmọ-ìka-kékeré rẹ̀ kí a lè rí bí ọta náà ti kéré tó. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyẹn kò lè pa ọ̀yà."

Àṣìṣe ni. Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà: ẹ̀tù, èkísà, ọta. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ọdẹ yóò tún ki í láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọta kékeré yẹn ní tirẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀tù nínú kátíríìjì idẹ kan ṣoṣo, ohun tí ń gbaná sì wà ní etí ìdí rẹ̀. Ará ilẹ̀ Faransé kan, Flobert, ni ó ṣe irú rẹ̀ ní 1845 fún eré inú ilé. Nígbà tí ó di 1857, Smith & Wesson ní Amẹ́ríkà ti ṣe ìbọn ìléwọ́ tí ń gba méje lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀, kì í ti apá sẹ́yìn, ó sì pọ́ọ́kú.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti mọ ohun tí ìyára ìbọn lè ṣe. Nígbà ogun Kìrìjì (1877–1893), orí ọ̀sà láti Èkó, gba ilẹ̀ wa lọ sí Oǹdó, ni ìbọn tí a ń ki ní ìdí gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtìparapọ̀. Ṣakabùlà ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ Ìbàdàn.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ọdẹ lè gba ìwé àṣẹ fún ṣakabùlà, ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́, ìbáà jẹ́ èyí tí òkúta ń ṣáná sí, èèwọ̀ ni. Lójú tèmi, ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí ta ni yóò gbé ṣakabùlà pamọ́ sábẹ́ agbádá?

Ìlú Ọba pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ní oṣù kẹta 1996, ọkùnrin kan fi ìbọn ìléwọ́ pa ọmọ ilé-ìwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní Scotland. Òfin àkọ́kọ́ ti 1997 ka àwọn ńlá léèwọ̀, ó dá àwọn kékeré ti inú ẹgbẹ́ sí. Kí ọdún tó parí, òfin kejì kó àwọn náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bínú: ó ní irú ti òun kọ́ ni ó pa àwọn ọmọ náà. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, èmi kò gbè é.

Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ọdẹ gbé ìbọn rẹ̀ jáde, wọ́n yìn ín. Òpin ìlú ni mo wà, mo sì gbọ́.