Tíọ́rì Ìsọ̀tàn àti Ìtumọ̀ Ìtàn Àròsọ ní Ṣáínà

Ẹnu àwọn òǹkọ̀wé kò kò lórí ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ọ̀nà ìsọ̀tàn wo ìtumọ̀ ìtàn àròsọ ní Ṣáínà. Àwọn kan ní ìgbà tí wọ́n túmọ̀ ìwé tíọ́rì Booth (1987) àti ti Genette (1990) sí èdè Ṣáínà ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn atúmọ̀ ti ń bá ọ̀rọ̀ asọ̀tàn jìjàkadì tipẹ́tipẹ́.

Atúmọ̀ Lin Shu ni ọ̀pọ̀ ìwé pè ní aṣáájú, ṣùgbọ́n 1899 ni ìtumọ̀ tirẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Patrick Hanan ti fi hàn pé láti 1873 ni wọ́n ti ń tẹ ìtumọ̀ Night and Morning, ìwé Bulwer-Lytton, ní Shanghai. Ọ̀rọ̀ yẹn ti parí.

Ní 1896, ìwé ìròyìn Shiwu bao gbé ìtàn Sherlock Holmes kan jáde, èyí tó dá lórí ìwé àdéhùn tí wọ́n jí. Watson, ọ̀rẹ́ Holmes, ló ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Atúmọ̀ yọ ohùn Watson kúrò, ó sì to ìṣẹ̀lẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀léra, bí àwọn ará Ṣáínà ṣe máa ń gbọ́ ìtàn. Nígbà tó di 1897, Watson ti ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn. Lin Shu ní tirẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Wang Shouchang ló ń fi ẹnu túmọ̀ ìwé Dumas ọmọ fún un. Orúkọ Dumas ni Lin Shu fi ṣíde ìwé náà, kí òǹkàwé má bàa rò pé atúmọ̀ ni “èmi” inú ìtàn.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Zhou Guisheng ní 1903. Ìtàn Faransé tó túmọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bàbá àti ọmọbìnrin rẹ̀, láìsọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó dá a sí bẹ́ẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún òǹkàwé pé ọ̀nà yìí yàtọ̀ sí tiwọn. Wu Jianren mú ọ̀nà náà lò nínú ìtàn tirẹ̀ ní 1904. Ẹni tó bá ṣe irú àlàyé yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ tíọ́rì.

Kì í ṣe gbogbo irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ ló rí òǹkàwé: ní 1909, Lu Xun àti àbúrò rẹ̀ tẹ àkójọ ìtàn kéékèèké tí wọ́n túmọ̀ ní Tokyo. Díẹ̀ ló tà.

Chen Pingyuan kó ẹ̀rí ìgbà yẹn jọ ní 1988. Ìwé Shen Dan ní 1995 ló wá kan atúmọ̀ tààrà: ìtumọ̀ lè pa gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́, kó sì ba bí wọ́n ṣe sọ ọ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ṣáínà kì í yí padà nítorí ìgbà, wọ́n sì máa ń fo olùwà. Gbólóhùn kan náà lè jẹ́ ti asọ̀tàn àti ti ẹ̀dá ìtàn lẹ́ẹ̀kan náà. Shen rí i pé àǹfààní gidi nìyẹn.

Lẹ́yìn ìwé Mona Baker (2006), tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Ṣáínà ní 2011, àwọn kan ń fi tíọ́rì rẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìtàn tí àwùjọ ń sọ nípa ara wọn nígbà ìjà ló gbájú mọ́, kì í ṣe ìtàn àròsọ.