Ìrìn-àjò Àkókò Kérésìmesì sí Àgbádárìgì àti Jẹ́bà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni yóò kọ̀wé nípa ilé ìsìn àti àwọn tí wọ́n kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ó jẹ mọ́ ìsinmi Kérésìmesì, àti ìrìn-àjò tí àwọn ènìyàn wa máa ń rìn ní àkókò náà lọ sí ibi ìrántí àwọn ará ìṣáájú, àti ohun tí a máa ń sọ fún wọn nígbàtí wọ́n bá dé ibẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ bí ìlú yìí ti ń rí nígbàtí oṣù Dèsémbà bá wọlé tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Àwọn ọmọ wa a ti Èkó dé, wọn a ti Ìbàdàn dé, wọn a ti Kánò àti Jọ́ọ̀sì dé. Wọn a kí bàbá àti ìyá, wọn a lọ sí ìsìn, wọn a pa adìẹ, wọn a sì ná owó, èyí tí a kò ní í ka iye rẹ̀ níhìn-ín. Lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ọdún, àwọn ọ̀dọ́ a dá owó jọ, wọn a gba ọkọ̀, wọn a ní àwọn ń lọ wo ayé. Àwọn kan a lọ sí Jẹ́bà ní etí Odò Ọya. Àwọn tí àpò wọn wúwo jù a lọ títí dé Àgbádárìgì. Èyí dára púpọ̀. Ohun tí kò dára ni pé wọn a lọ, wọn a ya àwòrán, wọn a sì padà wálé láìmọ̀ ju orúkọ òyìnbó méjì tàbí mẹ́ta lọ. Bí a bá bi wọ́n léèrè pé, nínú gbogbo iṣẹ́ náà, àwọn ènìyàn tiwa dà? wọn a dákẹ́. Nítorí ìdákẹ́jẹ́ yìí ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé àwọn bàbá ńlá wa kò mọ irú ìrìn-àjò fàájì bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà ogun, ẹni tí ó bá jáde kúrò ní ilé kì í mọ̀ bóyá òun yóò padà. Ogun Ìlọrin fọ́n àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí ká; nínú àwọn ará Ẹ̀rìn tí ó sá lọ ni a ti ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun títí di òní. Ọ̀fà pàápàá, tí í ṣe aládùúgbò wa, ni Ìlọrin ṣẹ́gun ní nǹkan bí ọdún 1890. Ní oṣù Fẹ́búárì 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Ìlọrin. Nígbàtí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 1900, Lugard ta àsíá ìjọba òyìnbó ní Lọ́kọ́ja, kò sì pẹ́ tí ó fi ṣí ibùjókòó rẹ̀ lọ sí Jẹ́bà, kí ó tó kọjá sí Zungeru ní 1902. Ààlà tí ìjọba náà fà fi Ẹ̀rìn-Ilé àti Ọ̀fà sí ìhà Àríwá, ó sì fi Òṣogbo àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun sí ìhà Gúúsù. Báyìí ni ọmọ ìyá méjì ṣe bọ́ sí abẹ́ ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni kò mọ ààlà náà. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn, a sì ṣí i fún ènìyàn ní oṣù Máàṣì 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907. Ó gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin ní 1908. Ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Àwọn tí ó tẹ́ ẹ kò ro ti Kérésìmesì wa rárá. Ohun tí wọ́n ń rò ni ẹ̀pà àti òwú tí a óò kó sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun, àti ọmọ ogun tí a óò kó gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó la ọ̀nà kì í mọ gbogbo ẹni tí yóò gbà á. Ará Ẹ̀rìn-Ilé tí ó bá rìn dé ìdíkọ̀ Ọ̀fà lè wọ ọkọ̀, kí ó sì sọ̀ ní Òṣogbo láti lọ bá àwọn ará rẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ṣe ọdún. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó ti bá ọkọ̀ yìí wálé ní Dèsémbà pẹ̀lú àpótí lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Ó wá di ìgbà kan tí ọkọ̀ náà kò gbé èrò mọ́. Nígbàtí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn láti Èkó lọ sí Kánò ní oṣù Dèsémbà 2012, Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nísinsin yìí, kí a wá sí Àgbádárìgì. Ibi tí a máa ń mú àlejò lọ níbẹ̀ ni ibi tí igi Àgíà ti wà rí. Ìjì wó igi náà ní 1959, a sì fi ọwọ̀n ìrántí sí ipò rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ròyìn, ni a ti kọ́kọ́ wàásù ní ìlú náà ní 1842. Thomas Birch Freeman, ẹni ìjọ Wesley, ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Sẹ́pítẹ́ńbà ọdún náà, pẹ̀lú William de Graft, ọmọ Gold Coast. Gbogbo ènìyàn a máa pe Freeman ní òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ó sì mú un wá? Àwọn ọmọ wa ni ó ránṣẹ́ pè é. Àwọn tí a ti kó lẹ́rú, tí a sì gbà sílẹ̀ ní Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti nǹkan bí 1839. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ̀wé láti Àgbádárìgì ní 1841 pé kí a rán oníwàásù sí àwọn. Orúkọ Ferguson yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá fún ọmọdé tí ó bá dúró níwájú ọwọ̀n náà.

Ní oṣù Dèsémbà ọdún kan náà, Freeman gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó padà dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24, ọ̀la Kérésìmesì, ó sì bá Henry Townsend ti C.M.S. níbẹ̀, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sàró dé. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ ṣe ọdún náà, láìka ti ìjọ ọ̀tọ̀ sí. Èyí ni a ń pè ní Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí a má fi ọ̀rọ̀ "àkọ́kọ́" ṣe ìgbéraga jù, nítorí tí àwọn àlùfáà Pọtogí ti dé Ìbíní àti Wárì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ṣáájú. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún náà tí Townsend fi lọ sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá, wọ́n sì dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù Jánúárì 1843. Townsend padà, Wilhelm ni ó dúró ti iṣẹ́ náà.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn C.M.S., tí a parí ní 1845, wà ní etí ọ̀sà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn tí ń fi í han àlejò a máa sọ pé inú rẹ̀ ni Àjàyí Crowther ti túmọ̀ Bíbélì. Òótọ́ ni pé Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Townsend àti Gollmer ní Jánúárì 1845, tí ó sì gbé ibẹ̀ ju ọdún kan lọ nítorí pé ikú Ṣódẹkẹ́ dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtumọ̀ náà gùn ju ìgbé ibẹ̀ rẹ̀ lọ, kò sì parí títí di 1884, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ni ó sì ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àlejò mọ èyí pẹ̀lú: ilé ẹrú Seriki Williams Abass kò jìnnà sí ilé yìí, ní òdìkejì ọ̀sà sì ni Gbẹ̀rẹfù wà, níbi tí a ti ń kó ẹrú lọ sí etí òkun. A ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń jó ijó ọdún ní ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti wo ilé wọn kẹ́yìn. A kò ní kí wọ́n má jó. Kí wọ́n kàn kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n dúró sí.

Láti Àgbádárìgì yìí gan-an ni ọ̀nà ti lọ sí Jẹ́bà. Ní oṣù Máàṣì 1830 ni Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gúnlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n la ilẹ̀ Yorùbá já, wọ́n kí Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n dé Búsà níbi tí Mungo Park ti kú ní 1806, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọ̀kalẹ̀ títí dé òkun. Nítorí èyí ni a ṣe mọ ọwọ̀n ìrántí Park àti Lander sí Jẹ́bà. A kò ní ìjà pẹ̀lú ọwọ̀n náà, akọni ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Amadi Fatouma ni ó tọ́ Park sọ́nà, ẹnu rẹ̀ ni ayé sì ti gbọ́ bí Park ti kú. Pascoe, ọmọ Haúsá tí ó ti bá Clapperton gba ọ̀nà náà rí, ni ó bá àwọn Lander lọ. Odò tí a sọ pé àwọn òyìnbó "rí", àwọn Tápà ti ń pẹja nínú rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àpáta ńlá tí ó yọ láti inú omi lókè Jẹ́bà sì ti ní orúkọ, Ketsa, wọ́n sì ti ń bọ ọ́ kí òyìnbó kankan tó fojú kàn án.

Ohun tí ó kan àwa ará ìjọ jù lọ ní Jẹ́bà kì í ṣe ọwọ̀n náà. Ní 1857, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Dayspring gòkè Odò Ọya. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìlà-oòrùn òwúrọ̀, ó sì bá àkókò Kérésìmesì mu. Oníṣègùn Baikie ni olórí, Crowther sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi àlùfáà John Christopher Taylor, ọmọ Ìgbò láti Sàró, sílẹ̀ ní Oníṣà ní oṣù Júláì láti dá ìjọ sílẹ̀, wọ́n sì ń gòkè lọ. Ní ọjọ́ keje oṣù Ọ̀kítóbà, odò kún, ìṣàn omi ní Jẹ́bà sì le. Ó gbé ọkọ̀ náà lu àpáta, ọkọ̀ sì fọ́. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ pàgọ́ sí etí odò, ó sì tó nǹkan bí ọdún kan kí ọkọ̀ Sunbeam tó wá sí ìrànlọ́wọ́ wọn ní 1858.

Kérésìmesì 1857 bá àgọ́ náà ní Jẹ́bà, ní etí ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, nígbàtí ogun ṣì ń jà, tí kò sì sí ilé ìsìn kan ní gbogbo agbègbè yìí. A kò kọ́ ọwọ̀n kankan fún un. Glover, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ náà, tí ó di aláṣẹ Èkó lẹ́yìn náà, fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Èkó lọ wá ohun èlò, ó sì gba Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Àwọn ọmọ Haúsá tí ó sá tẹ̀lé e ni a ń sọ pé wọ́n di ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Haúsá rẹ̀. Crowther ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí ìjàm̀bá náà ṣòfò. Ó fetí sí èdè Tápà. Ìwé ABD rẹ̀ ní èdè náà jáde ní 1860, ìwé gírámà rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 1864, ọdún kan náà tí a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ta ni ó sì bọ́ àwọn ará ọkọ̀ náà? Ẹni tí ó bá gbé etí odò fún ọdún kan kò lè ṣe aláìra oúnjẹ lọ́wọ́ ará ibẹ̀. Àwọn obìnrin Tápà tí wọ́n gbé ẹja àti ọkà wá sí àgọ́ náà, kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ní ìsinmi tí ń bọ̀, láti Ìlọrin dé Jẹ́bà jẹ́ nǹkan bí 60 máìlì. Bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi bá jáde ní Ẹ̀rìn-Ilé ní kùtùkùtù, wọn yóò wo ọwọ̀n náà, wọn yóò wo afárá irin tí a parí ní 1916, wọn yóò sì rí Ketsa láti etí odò kí oòrùn tó mú. Kí wọ́n má wọ ọkọ̀ ojú omi láìsí ẹni tí ó mọ odò náà dáradára, nítorí tí ìdídò Kainji lókè, tí ó bo Búsà àtijọ́ mọ́lẹ̀ ní 1968, àti ti Jẹ́bà fúnra rẹ̀, ni ó ń darí bí omi ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Kí olùkọ́ mú ìwé orúkọ kékeré lọ́wọ́: Ferguson, de Graft, Wilhelm, Fatouma, Pascoe, Crowther, Taylor, kí ó pè wọ́n sókè ní etí odò, kí ó sì fi àyè kan sílẹ̀ lábẹ́ wọn fún àwọn obìnrin ọlọ́jà Jẹ́bà.