Bouaké àti ìwé èsì ìdìbò: Ẹ̀kọ́ tí àwọn elétò ìdìbò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń kọ́ lára ara wọn

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2010, ìgbìmọ̀ tó ń túmọ̀ ìwé òfin orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire kéde pé òun ti fagi lé ìbò ẹkùn méje ní àárín gbùngbùn àti àríwá orílẹ̀-èdè náà. Bouaké, ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Côte d'Ivoire, wà lára wọn.

Ìkéde kan ṣoṣo yìí sọ ìbò tó lé ní 500,000 di òfo. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, àjọ elétò ìdìbò, CEI, ti kéde pé Alassane Ouattara ló jáwé olúborí pẹ̀lú ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìbò ẹkùn méje náà kúrò, Laurent Gbagbo, ààrẹ tó wà lórí àlééfà nígbà náà, ni ìgbìmọ̀ ọ̀hún ní ó wọlé, pẹ̀lú ìdá 51.45.

Nǹkan bí 3,000 èèyàn ló kú nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀lé e, kí ọwọ́ tó tẹ Gbagbo ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 2011.

Yorùbá ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Fún àwọn tó ń ṣètò ìdìbò, ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Bouaké dá lórí ìwé kan ṣoṣo: ìwé tí wọ́n ń kọ èsì sí ní ibùdó ìdìbò, àti iye ọwọ́ tí ẹ̀dà rẹ̀ wà.

Kí ló gbé Bouaké dé ibẹ̀?

Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002 ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Apá àríwá orílẹ̀-èdè náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, Bouaké sì di ibùjókòó wọn. Ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò, wà lára ohun tó fa ìjà náà, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò ní ìwé ìbí tàbí ìwé mìíràn tó fi wọ́n hàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò tí wọ́n sì ń tọ́mọ ní Côte d'Ivoire, débi pé a máa ń gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Èjìgbò. Wọ́n mọ bí ìwé ti ṣe pàtàkì tó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá ń béèrè ibi tó ti wá.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 2007, Gbagbo àti Guillaume Soro, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ouagadougou. Lẹ́yìn èyí, àwọn ilé ẹjọ́ alágbèéká ń lọ láti ìlú dé ìlú láti fún àwọn èèyàn ní ìwé ìbí, kí orúkọ wọn lè wọ ìwé olùdìbò.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní oṣù Kejì, ọdún 2010, Gbagbo tú ìjọba àti àjọ CEI ká nítorí awuyewuye lórí orúkọ tó tó nǹkan bí 429,000. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, orúkọ bíi mílíọ̀nù 5.7 ló wà nínú ìwé olùdìbò.

Ìwé tó ya, àti ẹ̀dà tó kù

Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 2010, wọ́n sì tún dìbò àtúndì láàárín Gbagbo àti Ouattara ní ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá. Òfin fún àjọ CEI ní ọjọ́ mẹ́ta láti kéde èsì tó wá láti àwọn ẹkùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, bí agbẹnusọ àjọ náà ti fẹ́ ka èsì níwájú àwọn oníròyìn ní Abidjan, ọmọ ìgbìmọ̀ kan láti ìhà Gbagbo já ìwé náà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fà á ya. Gbogbo ayé ló rí i lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ mẹ́ta náà kọjá. Nígbà tí alága àjọ CEI, Youssouf Bakayoko, kéde èsì ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ìgbìmọ̀ tó ń túmọ̀ òfin sọ pé àsìkò ti kọjá lórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, òfin ìdìbò orílẹ̀-èdè náà sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí ìgbìmọ̀ bá rí màgòmágó tó lágbára láti yí èsì padà. Ó ní kí wọ́n fagi lé ìdìbò náà látòkè délẹ̀, kí wọ́n sì dìbò mìíràn láàárín ọjọ́ 45. Òfin náà kò ní kí wọ́n yọ ìbò àwọn ẹkùn kan kúrò, kí wọ́n wá fi ìyókù yan ààrẹ.

Ohun tí kò jẹ́ kí ìbò Bouaké parẹ́ ni pé èsì kò sí níbì kan ṣoṣo. Láti oṣù Keje, ọdún 2007, ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fún aṣojú àjọ náà ní Côte d'Ivoire ní àṣẹ láti jẹ́rìí sí ìdìbò náà. Ẹ̀dà ìwé èsì láti ibùdó ìdìbò bíi 20,000 wà lọ́wọ́ Choi Young-jin, tó di ipò náà mú lọ́dún 2010.

Lẹ́yìn tí Choi yẹ àwọn ìwé náà wò, ó sọ pé bí òun bá tilẹ̀ gba gbogbo ẹ̀sùn tí ìhà Gbagbo fi kan ìdìbò náà wọlé, Ouattara náà ni yóò ṣì wọlé.

Báwo ni ẹ̀kọ́ yìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn?

Irú ẹ̀kọ́ báyìí kì í pẹ́ kó tó sọnù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìdìbò jẹ́ olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbà fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ìdìbò bá ti parí, oníkálùkù a gba ilé rẹ̀ lọ. Sáà àwọn kọmíṣọ́nnà náà a máa parí. Alága tuntun lè dé ọ́fíìsì kó má bá ẹni tó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdìbò tó kọjá.

Ìdí nìyí tí àwọn elétò ìdìbò fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàárín ara wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ní ọdún 1998, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, International IDEA àti IFES gbé àkójọ ìmọ̀ nípa ìdìbò kan jáde tí wọ́n pè ní ACE, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ka bí orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ń to ìwé olùdìbò tàbí bí wọ́n ṣe ń ka ìbò. Ẹ̀kọ́ BRIDGE, tí àjọ elétò ìdìbò Ọsirélíà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò níṣẹ́ kárí ayé.

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹgbẹ́ àwọn àjọ elétò ìdìbò ECOWAS, ECONEC, bẹ̀rẹ̀ ní Conakry lọ́dún 2008. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, tó jẹ́ alága àjọ INEC ní Nàìjíríà nígbà náà, di ààrẹ rẹ̀ lọ́dún 2017. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé náà dá ẹgbẹ́ tiwọn, RECEF, sílẹ̀ lọ́dún 2011.

Ìwúlò irú àjọṣe yìí hàn ní Làìbéríà lọ́dún 2017. Ẹjọ́ lórí ìdìbò ààrẹ dá àtúndì ìbò dúró, wàhálà sì wà lórí ìwé orúkọ olùdìbò. ECOWAS rán àwọn onímọ̀ lọ sí Monrovia láti bá àjọ elétò ìdìbò ibẹ̀ tún ìwé náà ṣe kí wọ́n tó dìbò ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá.

Ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú wá

Sẹ̀nẹ̀gà: Nígbà ìdìbò ọdún 2000, àwọn oníròyìn rédíò fi fóònù alágbèéká ka èsì láti ibùdó ìdìbò sí etígbọ̀ọ́ aráàlú. Ó nira láti yí nọ́ńbà tí gbogbo ìlú ti gbọ́ padà.

Gánà: Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2012, Nana Akufo-Addo pe ẹjọ́ tako èsì ibùdó ìdìbò tó lé ní 10,000. Ẹ̀dà ìwé èsì tó wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n gbé wá sí kóòtù. Ó fìdí rẹmi ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2013, ṣùgbọ́n iwájú adájọ́ ni wọ́n ti parí ìjà náà.

Màláwì: Ní oṣù Kejì, ọdún 2020, ilé ẹjọ́ fagi lé ìdìbò ààrẹ ọdún 2019 nítorí pé wọ́n fi ọ̀dà funfun pa nọ́ńbà rẹ́ lórí àwọn ìwé èsì. Wọ́n dìbò mìíràn ní oṣù Kẹfà.

Nàìjíríà: INEC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán ìwé èsì sórí ìkànnì IReV ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2020. Ṣùgbọ́n nígbà ìdìbò ààrẹ ní oṣù Kejì, ọdún 2023, àwòrán èsì ìdìbò ààrẹ kò gòkè bó ti yẹ lọ́jọ́ náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé èyí kò tó láti fagi lé ìdìbò, ṣùgbọ́n ó dín ìgbẹ́kẹ̀lé ọ̀pọ̀ aráàlú kù.

Ibi tí ìmọ̀ nìkan kò lè dé

Bí wọ́n ti ń pín ìmọ̀ tó, ọ̀rọ̀ ta ló jókòó sínú àjọ elétò ìdìbò ṣì kù. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 2016, ilé ẹjọ́ Áfíríkà tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dájọ́ pé òfin tó gbé àjọ CEI kalẹ̀ kò jẹ́ kó dọ́gba, nítorí ìhà ìjọba pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí òfin náà lọ́dún 2019, síbẹ̀ àwọn alátakò kò gbà pé ó tó. Wọ́n ní kí aráàlú má jáde dìbò ní ọdún 2020, ẹ̀mí sì tún ṣòfò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta wà tí olùdìbò fúnra rẹ̀ lè fojú tó, ì báà jẹ́ ní Bouaké, ní Cotonou tàbí ní Òṣogbo. Ṣé wọ́n ka èsì sókè níwájú gbogbo èèyàn, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri? Ṣé àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú tọwọ́ bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì gba ẹ̀dà tiwọn? Ṣé nọ́ńbà tí wọ́n kéde ní ibi àkójọ èsì bá èyí tó wà ní ibùdó ìdìbò mu?

Ní ọdún 2010, àwọn ẹ̀dà ìwé èsì kò lè dá ìjà dúró ní Côte d'Ivoire. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní ìbò Bouaké kò sí mọ́, àwọn ni ẹ̀rí pé àwọn ará ìlú náà dìbò, àti pé wọ́n kà á.