Ta Ló Ń Bọ́ Ìwé Ìròyìn? Láti Aké dé Ìbàdàn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí rédíò ìjọba kì í bá ìjọba wí. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ dòdò kò ní lè sọ òdodo. Òótọ́ ni, àmọ́ ìtàn Ẹ̀gbá fi hàn pé ó yẹ ká tún béèrè ọwọ́ tó ń pín dòdò náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Aké. Ibẹ̀ ni Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù ìjọ CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí ní 1854. Ní 1859 ó tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ibi tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. "Ìròhìn" ni wọ́n ń kọ nígbà yẹn, "ìròyìn" la ń kọ báyìí. Orúkọ tí ìwé kan ṣoṣo ń jẹ́ la fi ń pe gbogbo wọn.

Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló mọ̀wé kà? Àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọ, àwọn Sàró tó padà wálé, àti ìwọ̀nba díẹ̀ mìíràn. Ìjọ ló ni ẹ̀rọ, ìjọ ló ni ilé, ìjọ náà ló ń gbọ́ bùkátà Townsend. Abájọ tí ìròyìn ìjọ fi pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òwò àti òṣèlú náà wọlé. Nígbà ogun Ìjàyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ẹ̀yìn Ẹ̀gbá ni Townsend wà, inú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó kò sì dùn sí i. Síbẹ̀, nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1867, tí àwọn Ẹ̀gbá bínú sí ìjọba Èkó, tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n lé òyìnbó jáde, Ìwé Ìròhìn bá a lọ. Èdè wa ló ń sọ, àmọ́ kì í ṣe tiwa. Ìjà tí ìlú bá olówó rẹ̀ jà ló pa á.

Ṣé tí owó bá wá jẹ́ tiwa ńkọ́? Ní 1953, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ líle sí Action Group lórí rédíò. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fèsì, wọ́n kọ̀. Ìwọ̀sí yẹn wà lára ohun tó mú kí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi owó ará ìlú dá WNTV sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1959. Ohùn ẹni tí wọ́n fẹ́ pa lẹ́nu mọ́ ló yẹ kó jẹ́. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ìbò 1965 tó kún fún èrú, rédíò ìjọba kan náà fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá sáfẹ́fẹ́, ni ẹnì kan bá gbé ìbọn wọlé, ó ní kí wọ́n lo téèpù mìíràn. Wọ́n fẹ̀sùn kan Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta wa. Ilé-ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Owó kò yí padà, ọwọ́ ló yí padà.

Àwọn kan á ní kí ọjà bọ́ ìròyìn. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ títì ní Òkè-Ìléwó níbí láàárọ̀: àwọn tó ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀, tí wọ́n ń jiyàn lé e lórí, pọ̀ ju àwọn tó ń rà lọ fíìfíì. Ìpolówó ìjọba àti ti báńkì ló wá ń gbé ìwé náà ró. Akọ̀ròyìn tí kò rówó oṣù gbà á máa wojú ẹni tó ní àpòòwé lọ́wọ́. Ta ló fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí?

Ní 2018, owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló dá BBC Yorùbá sílẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ bíi ti ìgbà Townsend, àlejò ló tún ń bá wa sanwó ìròyìn ní èdè wa.

Lójú tèmi, owó ará ìlú kò burú. Ohun tó burú ni kí gómìnà kan máa di okùn àpò náà mú. Kí òfin sọ iye tí ilé-iṣẹ́ ìròyìn yóò gbà fún ọdún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má jẹ́ pé ọdọọdún ni wọ́n ń lọ tọrọ. Kí ó má jẹ́ gómìnà nìkan ni yóò máa yan ọ̀gá ibẹ̀, tí yóò sì máa lé e. Ìgbà yẹn la tó lè béèrè òdodo lọ́wọ́ wọn.