Orúkọ Burúkú Tí A Sọ Ará Ṣáínà

Ní ọjà Ìkọ̀tún, ní Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó, ẹni tó fẹ́ ra ṣájà fóònù kì í kọ́kọ́ béèrè iye. Ohun tó máa bi ọlọ́jà ni pé, "Orijínà ni àbí Ṣáínà?" Ọlọ́jà á búra. Oníbàárà á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ bóyá ó wúwo, á sì tẹjú mọ́ ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Ṣáínà náà ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ èyí tí à ń pè ní orijínà. Orúkọ orílẹ̀-èdè ti di orúkọ ayédèrú lẹ́nu wa, ó sì ti kúrò lórí ọjà, ó ti ràn dé orí èèyàn. Àṣà yìí kò dára, ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù ni pé àwa gan-an ló ń pa lára: bí a bá ti dárúkọ ẹ̀yà tán, ọ̀daràn gidi a máa ríbi gbà sá lọ.

Kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1964, Cha Chi Ming láti Hong Kong dá ilé iṣẹ́ aṣọ United Nigerian Textiles sílẹ̀ ní Kàdúná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì jẹun níbẹ̀. Ní Ògbà, tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́, ẹni tó ń wọkọ̀ lọ sí òpópónà Wempco kì í sábà rántí pé orúkọ ilé iṣẹ́ tí ìdílé kan láti Hong Kong dá sílẹ̀ ni. Kí ló wá yí padà? Àpò wa ni. Lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé SAP tí ìjọba Babangida gbé dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, owó oṣù kò ká ọjà ìlú Òyìnbó mọ́. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàálù lọ sí Guangzhou fúnra wọn. Oníṣòwò á gbé àpẹẹrẹ ọjà kalẹ̀, á ní iye báyìí lòun lè san. Ilé iṣẹ́ á sì máa dín ohun inú rẹ̀ kù títí tó fi máa bá owó náà mu. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, n kò ní dá a láre. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ń gbé láàárín wa, kò sì sẹ́ni tó ń fi orúkọ tirẹ̀ ṣe èébú. Ìjọba náà ní ìpín tiẹ̀: ní 2011 ni wọ́n ní kí SON, àjọ tó yẹ kó máa yẹ ọjà wò, kúrò ní èbúté.

Ọ̀rọ̀ "ìrẹsì oníke" tú gbogbo rẹ̀ síta. Ní oṣù Kejìlá 2016, bí Kérésì ṣe ń kanlẹ̀kùn, àwọn aṣọ́bodè ní Ìkẹjà kéde pé àwọn gba 102 àpò ìrẹsì tí wọ́n fi ike ṣe. Ìròyìn gbòde, Ṣáínà sì ni gbogbo ẹnu ń dá lẹ́bi. Kí oṣù náà tó parí, NAFDAC yẹ̀ ẹ́ wò: kì í ṣe ike rárá, àmọ́ kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, kò ṣeé jẹ. Ẹ̀sùn gidi wà, ìyẹn ìrẹsì fàyàwọ́ tó ti bàjẹ́. Ta ló kó o wọlé? Ibo ló gbà kọjá? Irú ìbéèrè yìí kò dùn ún gbọ́ tó ìtàn ike, kò sì tàn kálẹ̀ tó o. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020 ńkọ́? Ará Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ ń fura sí. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn náà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 27 oṣù Kejì, ará Ítálì ni, ó gba Èkó kọjá lọ sí Ewékorò.

Àwọn kan á ní, ará Ṣáínà náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Ní oṣù Kẹrin 2020, wọ́n lé ọmọ Áfíríkà jáde nínú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì ní Guangzhou, àwọn kan sùn títì. Ìwà ìkà ni, ó sì tọ́ bí Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, olórí ilé aṣojú-ṣòfin nígbà náà, ṣe ránṣẹ́ pe aṣojú Ṣáínà kó wá ṣàlàyé. Ẹni tó lè dáhùn ló pè. Kò ní ká lọ ya bo ẹni tó jókòó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ Ìkòròdú le ju ìyẹn lọ. Ní 2002, iná jó ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ pé ará Ṣáínà ló ni ín ní Odógunyàn, àwọn òṣìṣẹ́ sì kú sínú rẹ̀ nítorí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wọn. Ọ̀daràn lẹni tó ti ilẹ̀kùn yẹn. Àmọ́ òfin ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kò gbọ́dọ̀ ti òṣìṣẹ́ mọ́lé, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn tí ìjọba ń sanwó fún láti lọ yẹ ilẹ̀kùn wò. Ẹni tó bá ń bú ẹ̀yà kò ní rántí wọn.

Yorùbá ti jẹ nínú ìyà yìí rí. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ṣakí àti Ọ̀fà tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ìran dé ìran di ẹrù wọn, wọ́n fi ọjà sílẹ̀. Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn wọ́n? Wọ́n gba ọjà mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń ṣe fàyàwọ́, wọ́n ń kó owó ìlú lọ. Ẹni tó bá tẹ́tí ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò lónìí á gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nípa ará Ṣáínà, àgàgà lẹ́nu àwa tí a wá bá àwọn Àwórì onílẹ̀ tọrọ ilẹ̀. Àjèjì kúrò ní Gánà, ọ̀wọ́n ọjà kò bá wọn lọ: ní oṣù Kejìlá 1971, Busia dín iye owó sídì kù, nígbà tó máa fi di oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn ológun ti gbàjọba. Àwa náà kò fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní oṣù Kìíní 1983, Ṣàgàrí lé àwọn ará Gánà lọ. Ní 31 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, àwọn ológun lé òun náà, ọ̀wọ́n oúnjẹ sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ lórí rédíò.