Ìwé Ìròyìn Ọ̀fẹ́ ní Ìlú London: Ta ni ó San Owó Rẹ̀?

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1995 ni ìwé ìròyìn Metro kọ́kọ́ jáde ní ìlú Stockholm. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin. Owó ìpolówó ọjà ni ó ń gbé e ró. Ní 1999, ilé iṣẹ́ mìíràn gbé irú rẹ̀ jáde ní London, ó sì fún un ní orúkọ kan náà.

Ìdíje náà gbóná ní 2006, nígbà tí London Lite àti thelondonpaper jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ wọn a máa na ìwé ìròyìn sí gbogbo ẹni tí ń kọjá. Àǹfààní wà níbẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ tí kì í ra ìwé ìròyìn rí èyí kà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò mú un délé. Inú ọkọ̀ àti ẹ̀bá títì ni wọ́n jù ú sí. Ìjọba ìbílẹ̀ Westminster fi ẹ̀hónú hàn, nítorí owó ará ìlú ni wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí náà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ìwé méjèèjì kógbá sílé ní 2009. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Evening Standard, tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1827, di ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ kò pa owó náà rẹ́. Ó kàn gbé e kúrò lọ́rùn òǹkàwé, ó gbé e ka orí agbálẹ̀, òǹtàwé àti ẹni tí ń san owó orí.