Omi Tí Ó Mọ́ Gaara Tí Ó sì Ní Májèlé Nínú: Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní Bangladesh

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa omi tí kò dára, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni omi tí ó dọ̀tí, tí ó ń rùn, tàbí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi máa ń sẹ́ omi, tí a sì máa ń sè é kí a tó mu ún. Ṣùgbọ́n ewu mìíràn wà tí ojú kò lè rí, tí ahọ́n kò lè tọ́ wò, tí iná kò sì lè pa. Èyí ni kẹ́míkà olóró tí ó ti yọ́ mọ́ omi. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó burú jù lọ wà ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, ní gúúsù Éṣíà.

Inú rere ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Omi adágún àti omi odò ni àwọn ará ibẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀, àrùn onígbá-méjì àti ìgbẹ́ gbuuru sì ń pa àwọn ọmọ wọn. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìjọba wọn àti àjọ UNICEF ti ń gbẹ́ kànga onípáìpù tí a ń fi ọwọ́ fa omi rẹ̀. Àwọn ènìyàn tẹ́wọ́ gbà á, wọ́n sì ń gbẹ́ tiwọn fúnra wọn, títí iye kànga náà fi di àràádọ́ta ọ̀kẹ́. Omi rẹ̀ mọ́, ó sì tutù. Ṣùgbọ́n a kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀.

Májèlé tí ó wà nínú àpáta àti erùpẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni ásẹ́níìkì. Àwọn odò ńlá ni ó gbé erùpẹ̀ náà wá láti orí àwọn òkè Himalaya ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní abẹ́ ilẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, ásẹ́níìkì tú kúrò lára erùpẹ̀, ó sì wọ inú omi. Ilé iṣẹ́ kankan kọ́ ni ó dà á síbẹ̀. Ní ọdún 1983, Dókítà K. C. Saha, oníṣègùn àrùn awọ ara ní ìlú Calcutta, ṣe àkíyèsí àwọn aláìsàn rẹ̀ ní West Bengal, ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 1993 ni a rí i nínú kànga ní Bangladesh gan-an.

Díẹ̀díẹ̀ ni ásẹ́níìkì ń ṣiṣẹ́. Àmì dúdú á yọ sí ara, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á le; lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó lè di jẹjẹrẹ awọ ara, ti ẹ̀dọ̀fóró tàbí ti àpò ìtọ̀. Àwọn kan rò pé ẹ̀tẹ̀ ni. Àwọn ọkọ kọ aya wọn sílẹ̀, àwọn ọmọbìnrin kò sì rí ọkọ fẹ́. Ní tiwa, èyí ni ó dùn wá jù nínú ìtàn náà: ẹni tí omi ṣe ní jàǹbá ni a tún ń sá fún. Ìṣirò tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2000 sọ pé láàárín mílíọ̀nù 35 sí mílíọ̀nù 77 ènìyàn ni ewu náà dojú kọ, nínú mílíọ̀nù 125 tí ó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà.

Ní ọdún 1992, British Geological Survey yẹ omi àwọn kànga kan wò ní Bangladesh. Wọ́n wá ọ̀pọ̀ nǹkan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wá ásẹ́níìkì. Nígbà tí ọ̀ràn náà di ẹjọ́, House of Lords dá wọn láre ní ọdún 2006. Òfin lè dá wọn láre. Síbẹ̀, ohun tí a kò bá wá, a kò ní í rí i.

Nígbà tí ó yá, a yẹ àwọn kànga náà wò, a sì kun ẹ̀rọ ìfami wọn: pupa fún èyí tí ó léwu, àwọ̀ ewé fún èyí tí ó dára. Sísè omi kò wúlò rárá nínú ọ̀ràn yìí. Bí omi bá ti ń gbẹ lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni májèlé inú èyí tí ó kù ń ki sí i.

Kí ni ó kàn wá? Ọ̀pọ̀ ìjọ wa ni ó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò, iṣẹ́ àánú tí ó dára ni. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ní Ogale ní ilẹ̀ Ogoni, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ròyìn ní ọdún 2011 pé bẹ́ńsíìnì, tí ó ń fa jẹjẹrẹ, wà nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ní ìlọ́po tí ó lé ní 900 ju ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀. Èyí ti inú epo tí ó dànù wá ní tirẹ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe gbẹ́ kànga sí ìtòsí ilé epo, ọgbà mẹkáníìkì tàbí ṣáláńgá. Kí a tó ṣí ẹ̀rọ omi fún ìlú, kí a gbé omi rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí a sì dárúkọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n wá: ásẹ́níìkì, òjé, fúlóráìdì, náítíréètì, àti bẹ́ńsíìnì níbi tí epo bá wà nítòsí. Ti ásẹ́níìkì, kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan. Kí ọ́fíìsì ìjọ tọ́jú ìwé èsì náà, kí a sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi tí ẹni tí ó wá pọnmi ti lè kà á.